Ìtumọ̀ àti Ìlò Ìfìrógbóyeyọ

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ìfìrógbóyeyọ jẹ́, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń sín ìró jẹ. Èrò tèmi ni pé ìdáhùn yìí kò tó.

Ìperí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un, ìyẹn ideophone, ní ìtàn tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀. Clement Doke, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé Bantu Linguistic Terminology, tí ó jáde ní 1935. Kò fi mọ sí ìró nìkan. Ó ka àwọ̀, òórùn, ìṣe àti ipò mọ́ ọn. Bí Zulu bá wí pé kuthe cwaka, ohun tí ó ń sọ ni pé ibi gbogbo dákẹ́. Àwa náà ń wí pé ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìró wo ni ìdákẹ́jẹ́ ní tí ẹnikẹ́ni yóò sín jẹ?

Síbẹ̀, kò yẹ kí a gba gbogbo èrò Doke wọlé. Ó ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ kan gédégbé nínú àwọn èdè Bantu. Ti Yorùbá yàtọ̀. Nínú "Òkúta náà rí rògòdò", iṣẹ́ àpọ́nlé ni rògòdò ń ṣe. Nínú "Mo rí òkúta rògòdò kan", ó ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí òkúta bá kéré, ohùn á yí padà, á di rógódó. Ìfìrógbóyeyọ ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́; àpọ́nlé ń sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú gbólóhùn. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pe fíofío nínú "Ilé náà ga fíofío" ní àpọ́nlé kò jẹ̀bi, ẹni tí ó pè é ní ìfìrógbóyeyọ kò sì jẹ̀bi. Kò yẹ kí a fi máàkì du èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ju ti ìdánwò lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní ni ó ń wí pé nǹkan ga gan-an, ó pupa gan-an, ó dúdú gan-an. Fíofío, fòò àti kirikiri ń bọ́ lẹ́nu wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà ilé léèrè ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan rìn, kí wọ́n kọ wọ́n wá sí kíláàsì, kí wọ́n sì lò wọ́n nínú àròkọ. Bí a bá kọ́ wọn ní oríkì ìperí náà nìkan, wọn yóò mọ orúkọ ohun tí wọn kò lè lò mọ́.