Pùláànù Ọjà Tí Kò Ní Àkọlé, Ẹ Má Fọwọ́ Sí I

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan ìsọ̀ kálukú wa. Gbogbo wa la rí àwòrán ọjà tuntun tí wọ́n gbé wá sí ìpàdé. Ó dára lójú. Àwọn àpótí kéékèèké tò lọ bí ẹyin nínú kéréètì, wọ́n sì fi àwọ̀ ewé kun ibi tí wọ́n fẹ́ gbin igi sí. Ṣùgbọ́n ta ló rí orúkọ ìlà kankan lórí rẹ̀? Ta ló rí nọ́ńbà? Ta ló rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìsọ̀ báyìí fẹ̀ tó báyìí? Kò sí. Àpótí lásán ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n sì ní ká wá fọwọ́ sí i ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Èrò tèmi ni pé ká má fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ ọjà tuntun o. Òjò tó ń pa wá lábẹ́ páànù jíjó yìí ti tó gẹ́ẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ ìlà, nọ́ńbà ìsọ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sórí àwòrán náà, kí wọ́n sì fún ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà tiwa. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti ọjà yàtọ̀ díẹ̀: orúkọ là ń wò ká tó kọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Lónìí, tí oníbàárà bá bi yín níbo ni ìlà aláta wà, ẹ ó kàn na ọwọ́ ni. Ọjọ́ tí katapílà bá wọ ọjà, tó wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí lẹ fẹ́ na ọwọ́ sí? Kànga tí a fi ń dá ìlà ẹlẹ́ja mọ̀ ti di dídí. Gọ́tà tó pààlà láàárín aláṣọ àti elélùbọ́ ti lọ. Ìwé nìkan ló kù. Tí ìwé náà kò bá ní ọ̀rọ̀ lórí, ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló máa sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Àtúnkọ́ ọjà sì máa ń pẹ́. Ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábà jóná ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ni wọ́n tó ṣí èyí tí wọ́n tún kọ́. Ó lé ní ọdún mẹ́fà. Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ náà jóná ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ó di dandan kí wọ́n tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀, àgbà ń kú, olóyè ẹgbẹ́ ń yí padà, ẹnjiníà ń gba iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún, ẹ̀rí wo ló máa mú wá? "Ibi tí ìyá mi máa ń jókòó sí nìyí" kò tó ẹ̀rí mọ́ nígbà tí ilẹ̀ ti di sìmẹ́ǹtì.

Wọ́n lè sọ fún wa pé iṣẹ́ ńlá ni kíkọ ọ̀rọ̀ sórí àwòrán. Irọ́ ni. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń yà á. Àwọn ẹnjiníà púpọ̀ ń lo AutoCAD, tó ti wà láti ọdún 1982. Àwọn atẹ̀wé wa ní Ṣómólú mọ CorelDRAW bí ẹni mowó. Àwọn ọmọ wa sì ń fi Canva, tó jáde ní ọdún 2013, ṣe káàdì ìkómọ àti ìpolówó ọjà lórí fóònù. Gbogbo wọn ló ní ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀. Nínú AutoCAD, ẹ ó tẹ lẹ́tà T, ẹ ó tẹ Enter, ẹ ó fa àyè tí ọ̀rọ̀ máa wà, ẹ ó sì máa kọ. Nínú CorelDRAW, F8 ni. Nínú Canva lórí kọ̀ǹpútà, T náà ni. Tí wọ́n bá kọ ti ìsọ̀ àkọ́kọ́ tán, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú àwọn yòókù, wọ́n á kàn máa yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Tí ìsọ̀ bá kéré ju ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara rẹ̀ dé inú ìsọ̀. Kí ló wá le níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mẹ́rin kan wà tó yẹ ká ṣọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Èkíní, ọ̀rọ̀ lè wà nínú kọ̀ǹpútà kó má hàn lórí ìwé. Bí wọ́n ṣe ń ya irú àwòrán yìí, ó dà bí ẹni to ọ̀rá tó mọ́ gaara léra. Ògiri wà lórí ọ̀rá kan, wáyà iná wà lórí òmíràn, ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀kẹta. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè ní kí ọ̀rá tó gbé ọ̀rọ̀ má jáde. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní "ó wà nínú kọ̀ǹpútà", ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ká fojú wa rí i.

Èkejì, ọ̀rọ̀ àti ògiri kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Tí ẹnìkan bá sún ògiri wọlé kí ojú ọ̀nà lè fẹ̀ sí i, àkọlé tí wọ́n fọwọ́ kọ síbẹ̀ kò ní yí padà fúnra rẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ pé mítà 2 ní mítà 3, kí ìsọ̀ náà má tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí wọ́n tẹ pùláànù jáde fi gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, tí àtúnṣe kankan kò sì gbọdọ̀ wáyé láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ gba ẹ̀dà tuntun.

Ẹ̀kẹta, bí lẹ́tà ṣe tóbi tó. Lórí pùláànù tí mítà kan di sẹ̀ǹtímítà kan, ìsọ̀ mítà 2 ní mítà 3 yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 ní 3. Ọ̀rọ̀ máa gbà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mú ìwé ńlá A1, tí wọ́n fún un pọ̀ sórí A4 kí wọ́n lè pín in fún wa, gbogbo nǹkan á kéré sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́tà tó ga ní mìlímítà 3 á di mìlímítà kan. Ojú ta ló fẹ́ rí ìyẹn? Kí wọ́n pín ọjà sí apá apá, kí apá kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àmì ohùn. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ IGBA lásán sórí ìlà kan, ṣé ìlà igbá ni, níbi tí wọ́n ti ń ta igbá tí a fi ń bu nǹkan? Àbí ìlà ìgbá tí à ń jẹ? Àbí igba ìsọ̀ ló wà níbẹ̀? Àwọn irú lẹ́tà kan nínú kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ, ọ àti ṣ wa pẹ̀lú àmì lórí. Àpótí òfìfo ni wọ́n máa gbé jáde dípò rẹ̀. Kí wọ́n lo irú lẹ́tà tó mọ èdè wa, kí wọ́n fi í sínú PDF tí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́, kí wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ ojú ìwé kan jáde wò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀wé, kí la fẹ́ fi àkọlé ṣe?" Ẹ rántí Alimọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà. Ẹja ló ń tà ní Ẹrékọ̀, kò mọ̀wé, síbẹ̀ òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó títí ó fi kú ní ọdún 1951. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ kó ọjà Ẹrékọ̀ lọ sí Olúwọlé, ó kọ̀, àwọn obìnrin ọjà sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Àìmọ̀wé kò dí i lọ́wọ́ láti mọ ibi tó jẹ́ tirẹ̀. Kí wọ́n ka pùláànù sókè ní ìpàdé, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Kí wọ́n ya ata sí ìlà aláta, kí wọ́n ya ẹja sí ìlà ẹlẹ́ja. Ojú tó bá mọ ata kò nílò A, B, D.

Àwọn mìíràn á ní tí nọ́ńbà bá ti hàn, ìjà ló máa dá sílẹ̀, nítorí gbogbo wa la fẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Òótọ́ ni, ìjà lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà tó bá máa wà, ẹ jẹ́ ká jà á lórí ìwé. Ohun tó wà lórí ìwé, a lè pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ká tún un kọ. Èyí tó bá ti di bílọ́ọ̀kù, hámà nìkan ló lè tún un ṣe, owó wa ló sì máa bá a lọ.

Ohun tí mò ń bẹ Ìyálọ́jà wa àti àwọn olóyè pé kí wọ́n béèrè nìyí. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ìwọ̀n. Kí wọ́n kọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi àti ọ̀nà tí a máa bá sá jáde tí iná bá ṣẹ́ yọ wà. Kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀, kí ẹgbẹ́ gba ìwé àti fáìlì rẹ̀. Orúkọ ènìyàn kò ní láti wà lórí pùláànù, nítorí ènìyàn ń wá, ènìyàn ń lọ. Ìwé orúkọ ni kó wà nínú, kí nọ́ńbà so méjèèjì pọ̀: nọ́ńbà tó wà lórí pùláànù, òun náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín.

Tí wọ́n bá ní kò sí owó fún ìyẹn, ẹ jẹ́ ká dá a láàárín ara wa. Òògùn tí a kò bá fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà sì pọ̀ nínú ilé wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ tó mú bírò, ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà yín lórí ìwé náà. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ dá bírò padà. Ọlọ́run á fi ọjà tuntun náà ṣe wá ní àǹfààní o. Àṣẹ.