Ẹlẹ́rìí Kan Kò Tó Dá Ẹjọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá àrùn tí Ó sì dá ìwòsàn rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, ẹni tí ó kọ́ wa láti máa wá ìtọ́jú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí wọ́n bá rí kókó nínú ilé ẹyin obìnrin kan ní Ilé-Ifẹ̀ yìí, dókítà lè ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CA-125. Iṣẹ́ tí Robert Bast àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1981 ni ó bí àyẹ̀wò yìí. Nọ́ńbà 35 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà. Bí ìwé bá wá gbé 90 jáde, ẹkún a sọ nínú ilé. Ìyá ọkọ a ní jẹjẹrẹ ni. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Ọkọ a sì máa ro ti ìyàwó mìíràn.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Oyún a máa gbé nọ́ńbà yìí sókè. Nǹkan oṣù, fáíbírọ́ìdì, àrùn ẹ̀dọ̀, àti kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó wọ inú ikùn a máa gbé e sókè pẹ̀lú. Ní ìdà kejì, nǹkan bí ìdajì àwọn tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ńbà wọn kò kọjá ààlà. Nítorí náà, kí obìnrin tí ikùn rẹ̀ ń wú, tí oúnjẹ díẹ̀ sì ń yó, má ṣe torí nọ́ńbà kékeré jókòó sílé.

Dókítà tí ó mọṣẹ́ yóò pe àwọn ẹlẹ́rìí yòókù: ọjọ́ orí obìnrin náà, àti àwòrán ikùn tí a fi ẹ̀rọ yà. Nọ́ńbà gíga lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró wúwo ju ti ọ̀dọ́bìnrin lọ.

Súrátul-Hujurāt kọ́ wa láti wádìí ìròyìn kí a tó gbé ìgbésẹ̀. Kí ọkọ tẹ̀lé aya rẹ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà. Kí àlùfáà ṣe àdúà fún un, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dá a dúró sílé àdúà. Jẹjẹrẹ tí a tètè rí ni ìtọ́jú rẹ̀ ń rọrùn jù.

Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.