Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ “Àwá Dé”: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Kejì

Ní òpin ìpàdé ọdọọdún wa tó kọjá, bí àwọn àgbà ti ń dìde lọ síbi oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n wa kan tí Ọlọ́run ti bùkún fún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn lábẹ́ igi, wọ́n sì bi wá ní ìbéèrè kan. Ọkọ̀ náà jẹ́ ọkọ̀ asáré, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní voiture de sport: ó rẹlẹ̀, ó ń dán, ìjókòó méjì péré ló ní. Wọ́n ní: “Ẹ̀yin àbúrò mi, owó ọkọ̀ kejì ti wà nílẹ̀. Ṣé kí n ra irú èyí kún un ni, àbí kí n wá nǹkan mìíràn?” Kí a tó la ẹnu, àwọn ọ̀dọ́ tó yí wọn ká ti ń dárúkọ ọkọ̀. Ọ̀kan ní Porsche ni, èkejì ní kí wọ́n ra èyí tí a lè ṣí òrùlé rẹ̀, ẹ̀kẹta ní kí ó ṣáà ti pupa. Kò sí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ “nǹkan mìíràn” sọ. Àwa náà rẹ́rìn-ín, a sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ti ń dà wá láàmú láti ọjọ́ náà wá. Lónìí, a fẹ́ dáhùn.

Èsì wa kò lọ́ tìkọ̀: kí ọkọ̀ kejì má ṣe jẹ́ ọkọ̀ asáré.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì pe èyí ní ìlara. A kò bá ohun tó dára ṣọ̀tá. Láti ọdún 1963 tí àwọn ará Jámánì ti kọ́kọ́ fi Porsche 911 han ayé, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ẹni tó sì rí èyí àkọ́kọ́ yóò dá ti òde òní mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 1989, Mazda ti Japan mú MX-5 jáde, ọkọ̀ kékeré oníjòókòó méjì, wọ́n sì fi hàn pé kò dìgbà tí ọkọ̀ bá lágbára bí erin kí inú awakọ̀ tó dùn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àwa tí a bí sí ìlú àwọn agbẹ́gilére, tí a mọ ohun tí ó ń ná ènìyàn kí ojú orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó gún régé, kò yẹ kí a fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ pé ohun tó wuni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n wa máa gun ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́, kí wọ́n sì gbádùn rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ kejì ni ìjà wa.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀nà ló yẹ kí a wò kí a tó ra ọkọ̀. Láti Kútọnù dé Àjàṣẹ́, ọ̀dà ni. Láti Àjàṣẹ́ gba Sakété àti Pobè lọ sí Kétu, ọkọ̀ asáré lè rìn, bí awakọ̀ rẹ̀ bá lè fara da àwọn òkìtì ìdínkù-eré tó wà ní ẹnu abúlé gbogbo. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kúrò lórí ọ̀dà, tí a dojú kọ oko àti abúlé tí a ti wá, erùpẹ̀ pupa ló kù. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àgbàrá a la ọ̀nà náà sí méjì bí ẹni la obì. Inú irú ọkọ̀ MX-5 kò ju bí sẹ̀ǹtímítà 13 lọ sí ilẹ̀. Ti bâchée ga ju 20 lọ. Àṣìṣe kọ́ ni rírẹlẹ̀ yìí. Bí ọkọ̀ bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó ni ó ṣe ń di ilẹ̀ mú tó nígbà tí ó bá ń sáré yí kọ́nà. Ohun náà gan-an tó sọ ọ́ di ọba lórí ọ̀nà Yúróòpù ló sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n ní ọ̀nà wa. Epo ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ epo tó mọ́ tó sì le, kì í ṣe kpayo inú ìgò lẹ́bàá títì, tí ẹnikẹ́ni kò lè búra ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Gbogbo èyí ni ẹ̀gbọ́n wa ti mọ̀ láti ara ọkọ̀ àkọ́kọ́. Kí wá ni èkejì yóò ṣe tí ti àkọ́kọ́ kò ṣe? Ibi tí ọ̀kan lè dé ni méjèèjì yóò dé. Ibi tí ọ̀kan há sí ni èkejì yóò há sí. Àgbẹ̀ tó ní àdá, tí kò ní ọkọ́, tó wá kó owó lọ sọ́jà láti lọ ra àdá mìíràn, kí ni yóò fi kọ ebè? Bí àdá kejì bá tilẹ̀ mú ju ti àkọ́kọ́ lọ, oko yóò ṣì wà ní àìkọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tó wà nílé. Nínú agbo ilé tí púpọ̀ nínú wa ti jáde, ìyá àgbà kan wà tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè bẹ̀rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ìdí wọ́lẹ̀. Àgbàdo, gbágùúdá àti ọsàn wà lóko, tí ń dúró de ẹni tí yóò kó wọn dé ọjà kí òjò tó dé. Lóru, nígbà tí aboyún bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lábúlé, orí zemidjan ni a ń gbé e sí, láàárín awakọ̀ àti ẹni tí yóò dì í mú, tí a ó sì máa gbàdúrà títí wọn yóò fi dé ilé ìwòsàn. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí kò mọ irú ìrìn-àjò yìí. Àwọn kan nínú wa, orí irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn wà ní alẹ́ tí wọ́n wáyé. Bí ọkọ̀ asáré méjì bá wà lábẹ́ ìbòrí ní àgbàlá kan náà lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni wọn yóò wúlò fún? Ẹnìkan kì í jẹ́ “Àwá dé.” Ẹni méjì pàápàá, agbára káká ni.

Àwọn kan yóò ní “nǹkan mìíràn” kò níyì. Ìtàn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ já wọn ní irọ́. Ẹ wo Peugeot 504, tí àwọn Faransé mú jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1975, ó gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní Kẹ́ńyà, lórí ẹrẹ̀ àti eruku tó fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn túútúú. Ó tún gbà á ní ọdún 1978. Ní ọdún 1975 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ní Nàìjíríà. Àwọn bàbá wa mọ 504 oníjòókòó púpọ̀, wọ́n sì mọ bâchée rẹ̀ tó ń kó ènìyàn, ewúrẹ́ àti àpò ìrẹsì pọ̀. Ta ni yóò wá wí fún wa pé ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kò lógo? Ọkọ̀ tó borí nínú eré ìje ni ọkọ̀ tó gbé wa lọ sílé ìwé.

A ti gbọ́ àwọn àtakò, a kò sì ní sá fún wọn. Èkíní: “Owó olówó ni.” Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó lè fi agbára mú ẹ̀gbọ́n wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bi wá ti fún wa láyè láti fèsì. Àwọn àgbà sì ní bí olówó kan bá wà láàárín òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì keje ni. Èkejì: “Ọkọ̀ asáré jẹ́ ìpamọ́ owó, owó rẹ̀ a máa gòkè.” Ó ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn díẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n fi pamọ́ síbi gbígbẹ, tí àkọsílẹ̀ àtúnṣe wọn pé, tí a kì í sì í gùn. Ní etíkun wa, níbi tí afẹ́fẹ́ iyọ̀ àti ọ̀rinrin ti ń jẹ irin lọ́sàn-án lóru, ìpẹtà ni ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dà.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ ní gbangba. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé: “Bí mo bá ra bâchée tàbí bọ́ọ̀sì kékeré, ẹbí yóò sọ ọ́ di tiwọn. Lónìí, òkú, lọ́la, ìgbéyàwó, lọ́túnla, igi ìdáná. Kí ọdún tó yípo, ọkọ̀ ti di àlòkù.” A kò sọ pé irọ́ ni. A mọ ẹbí wa. Àwa fúnra wa ni ẹbí náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Bí èyí bá ni ìdí, a jẹ́ pé ìfẹ́ eré sísá kọ́ ló ń mú àwọn kan ra ọkọ̀ oníjòókòó méjì lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè yá a ni. Ìjókòó méjì ni “rárá” tí kò nílò ẹnu. Ó ń jẹ́ kí a padà wá sílé láìjẹ́ pé ilé rí ohun kan bẹ̀ wá fún.

Ìwòsàn àrùn yìí kò sí lọ́dọ̀ àwọn olùtajà ọkọ̀. Ìlànà ló lè wò ó. Kí ọkọ̀ ní awakọ̀ kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tí yóò lò ó ra epo rẹ̀. Kí ẹni tó bá fi kó ẹrù lọ sọ́jà san owó díẹ̀ sínú àpò àtúnṣe. Kí aláìsàn àti aboyún má san nǹkan kan, kí wọ́n sì ṣáájú gbogbo ẹrù. Àwa tí a mọ èésú àti àjọ dá, tí a mọ ọ̀wẹ̀ àti àáró láti ayébáyé, a kò lè sọ pé àpapọ̀ lílo ohun ìní ṣàjèjì sí wa. Ohun tí a ń ṣe lórí ebè nínú oko, ó yẹ kí a lè ṣe é lórí táyà mẹ́rin.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a da ẹ̀bi síbi tó yẹ, nítorí ẹ̀gbọ́n wa nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Nígbà tí ọkọ̀ asáré bá wọ ọgbà ìpàdé, ta ni ń sáré gbé àga sí iwájú? Àwa ni. Ta ni ń pe orúkọ ẹni tó wà á kí a tó pe olùkọ́ tó fi ogún ọdún kọ́ ọmọ wa ní ìwé Yorùbá? Àwa ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ta ni ń tò láti ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ wa, tó fi bâchée rẹ̀ kó ìlù àti ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá síbi àjọ̀dún, ẹ̀yìn ògiri la ní kí ó lọ gbé ọkọ̀ sí, kí eruku rẹ̀ má ba ìwòye jẹ́. Láti ọdún 2001 tí UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé, ẹnu wa kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó gbé e dé ojú agbo kò rí ọpẹ́ gbà. Ohun tí a bá ń yìn ni ọlọ́rọ̀ wa yóò máa rà. Bí a bá fẹ́ kí ó yí ohun tí ó ń rà padà, ó di dandan kí a yí ìyìn wa padà.

Nítorí náà, a ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Sí ẹgbẹ́: ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí a fi ààyè tó wà lábẹ́ igi, níwájú gbọ̀ngàn, sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó bá kó ènìyàn púpọ̀ jù wá láti abúlé. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ojú yóò rí i, ètè yóò sì sọ ọ́.

Sí ẹ̀gbọ́n wa: ẹ ṣeun tí ẹ bi wá. Ẹ má bínú pé èsì wa pẹ́. Nǹkan mìíràn ni. Ẹ ra ọkọ̀ tí ìyá yín lè wọ̀ láìjẹ́ pé a gbé wọn. Ẹ ra ọkọ̀ tó lè gba ọ̀nà oko kọjá lóṣù kẹsàn-án. Bí ẹ bá sì wọ Kétu lọ́jọ́ náà, tí ọkọ̀ kún dẹ́ńdẹ́, tí ẹ fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, ẹ óò lè ké “Àwá dé!” láìpurọ́.