Kí A Tó Pààrọ̀ Géèjì

Bí ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ Kétu, ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ó lọ sí Ìkòròdú, kí ó máa yọjú wo iwájú awakọ̀ nínú àwọn dáńfó tí ń kó èrò, yóò pẹ́ kí ó tó rí èyí tí géèjì epo rẹ̀ ṣì ń sọ òótọ́. Òmíràn ti sùn sórí E láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀ náà. Òmíràn dúró ṣinṣin sórí F, àfi bí ẹni pé ọkọ̀ náà kì í mu epo. Awakọ̀ kò bìkítà. Ó mọ iye epo tí òun rà, ó mọ iye ìgbà tí òun ti lọ sí Òṣòdì tí òun sì padà, orí ni ó fi ń ṣírò ìyókù. Ọjọ́ tí ìṣirò bá yẹ̀, ọkọ̀ á kú sí àárín títì, kọ̀ńdọ́ á gbé kẹ́ẹ̀gì, àwọn èrò á sì máa kùn.

Ẹjọ́ awakọ̀ kọ́ ni mo fẹ́ rò níhìn-ín. Bí a ṣe ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ni ó ń dùn mí. Bí ó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ríwáyà, ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, “Géèjì ti bàjẹ́, ẹ lọ ra òmíràn.” Wọ́n á ra tòkunbọ̀ wá, wọ́n á tú dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀, wọ́n á fi tuntun sí i, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á sì tún lọ sùn síbi tí ti àkọ́kọ́ sùn sí. Owó lọ, àìsàn kò lọ. Àfojúdá ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí géèjì epo jẹ́ gan-an. Inú táǹkì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ń léfòó lórí epo bí igbá ṣe ń léfòó lórí omi, apá irin tín-ín-rín kan ni ó sì dì í mú. Bí epo bá ti ń pọ̀ tàbí tí ó ń dín kù, apá yìí ń lọ sókè sódò, ó sì ń dín iná tí ń kọjá kù tàbí kí ó fi kún un. Wáyà kan so ó pọ̀ mọ́ géèjì níwájú. Òmíràn so táǹkì mọ́ irin ara ọkọ̀, kí iná lè rí ọ̀nà padà sí bátìrì. Abẹ́rẹ́ tí à ń wò yìí kò fojú kan epo rí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó ń jẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá dé ní òdì, ó lè jẹ́ inú táǹkì ni ó ti bàjẹ́, ó lè jẹ́ lójú wáyà, ó lè jẹ́ níbi tí a so mọ́ ara ọkọ̀, ó sì lè jẹ́ géèjì fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń ti ìkẹrin bẹ̀rẹ̀?

Ìdánwò rẹ̀ kò ná ni ní kọ́bọ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ bí Peugeot 504, ríwáyà tí ó mọṣẹ́ á yọ wáyà géèjì kúrò lórí táǹkì, á yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dé, á sì wo abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà á fi ẹnu wáyà náà kan irin ara ọkọ̀ fíìrí, kì í ṣe kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. (Kí ó jìnnà sí ibi tí òórùn epo wà o, ìṣáná iná kékeré tó láti jó gbogbo ṣọ́ọ̀bù.) Bí abẹ́rẹ́ bá sáré láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, géèjì àti wáyà rẹ̀ ti bọ́ nínú ẹjọ́, kí a lọ wo inú táǹkì àti ibi tí a so ó mọ́ ara ọkọ̀. Bí kò bá mira, kí ó ṣe bákan náà lẹ́yìn géèjì. Bí ó bá mira níbẹ̀, wáyà ti já lójú ọ̀nà. Bí kò bá mira níbẹ̀ pẹ̀lú, tí tẹ́sítà sì fi hàn pé iná dé ẹ̀yìn géèjì, nígbà náà ni kí a tó dárúkọ géèjì tuntun.

Ní àgbègbè Kétu yìí, ibi tí a so mọ́ ara ọkọ̀ ni èmi ìbá kọ́kọ́ fura sí. Odò Ògùn kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2010, nígbà tí omi ìdídò Ọyán ya wọ inú rẹ̀, Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lọ́nà Ìkòròdú kún fún omi, àgbàrá kò sì yéé yọ wá lẹ́nu láti ìgbà náà. Ọkọ̀ tí ó bá ti wọ́ irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá yóò dípẹtà lábẹ́, ìpẹtà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Ṣáńpépà díẹ̀ lè wo ohun tí géèjì mẹ́ta kò lè wò.

Ti géèjì epo ṣì kéré. Ti géèjì ooru ni ó ń pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé inú omi ni ohun tí ń ròyìn ooru gbọ́dọ̀ wà kí ìròyìn rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́. Bí omi bá ti jò tán, atẹ́gùn ni yóò kù yí i ká, abẹ́rẹ́ lè wálẹ̀ nígbà náà gan-an tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Awakọ̀ tí ó kó tòmátì bọ̀ ní Mile 12 á rí i, á ní ara ọkọ̀ ti balẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ sí i. N kò fi bẹ́ẹ̀ dá a lẹ́bi. Atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì àwọn dáńfó Volkswagen àtijọ́ lára, wọn kò ní rédíétọ̀, ẹni tí ó sì fi irú wọn kọ́ ọkọ̀ wíwà kò ní géèjì omi kankan láti kọ́ bí a ṣe ń kà á. Bí géèjì epo àti ti ooru bá sì jọ ṣìnà lọ́jọ́ kan náà, kí a má ra méjèèjì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ̀rọ kékeré kan ni ó ń bu iná fún àwọn méjèèjì. Òun ni kí a yẹ̀ wò.

Àwọn kan yóò ní ayé ti dé orí kọ̀ǹpútà, pé ẹ̀rọ tí ń yẹ ọkọ̀ wò yóò sọ ohun tí ó bàjẹ́. Òótọ́ ni pé ìdánwò tí mo sọ yìí kò yẹ ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí géèjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá kọ P0462, ohun tí ó ń wí ni pé iná tí ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ táǹkì kéré jù. Kò sọ ẹni tí ó mú un kéré. Ènìyàn náà ni yóò tọ wáyà lọ.

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1970 ni Iṣẹ́ Ìwádìí Ifẹ̀ ti fi hàn pé èdè wa lè kọ́ ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti ọdún 1984 àti ti 1990 fún wa ní orúkọ fún fáwẹ́lì àránmúpè àti ìyókù wọn. Ta ni ó fún ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ríwáyà ní orúkọ fún ohun tí ń léfòó nínú táǹkì? Yorùbá ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń kọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìwé tí ó ṣàlàyé ìdánwò wà. Nítorí náà, “pààrọ̀ ẹ̀” nìkan ni ó ń gbọ́.

Mo dá a lábàá pé ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ wa rán ènìyàn mẹ́rin sí àwọn ṣọ́ọ̀bù Kétu àti Ìkòsì, kí wọ́n jókòó ti àwọn ríwáyà tí ó mọṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn yẹn ń lò sílẹ̀, kí wọ́n sì to ìdánwò náà sójú ìwé kan péré ní Yorùbá. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tí ó kọjá tó láti kọ ọ́ sí, kí ọ̀gá lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.