Onílé Náà Gbọdọ̀ Kágò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ológbò Inú Yàrá Ayálégbé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òwe yìí yẹ ní pípa fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ilé yíyá tí ó sì ń sin ológbò. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá rí àkọlé ọ̀rọ̀ yìí. Yóò ní, "Owó ilé ń gbówó lórí, iná kò sí, omi kò sí, ta ni ó ráyè ọ̀rọ̀ ológbò?" Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ológbò ni mo fẹ́ sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni pẹ̀lú. Ta ni ó ní àṣẹ láti ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí a ti gba owó rẹ̀? Báwo ni ó sì ṣe yẹ kí ó ṣí i?

Ní ayé àwọn baba wa, inú agbo ilé ni ológbò ń gbé. Gbogbo ará ilé ni ó mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ni ó sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Kò sí ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lóde òní ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò rí àyè nínú ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́. Akọka, Bàrígà àti Yábàá ni a ń gba yàrá sí. Ológbò tí a bá sì sìn níbẹ̀, inú yàrá ni a ti ń tọ́ ọ dàgbà. Kò mọ títì, kò mọ mọ́tò, kò mọ ajá àdúgbò, kò sì mọ ọmọ aráyé. Bí ilẹ̀kùn yàrá yẹn bá ṣí lójijì, tí àwọn tí kò mọ̀ rí rọ́ wọlé pẹ̀lú ariwo àti irin iṣẹ́, ohun méjì ni ó lè ṣe: kí ó sá pamọ́, tàbí kí ó sá jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì, mo sin ológbò dúdú kan tí mo sọ ní Adúmáradán. Mi ò sọ fún bàbá onílé wa pé mo ní in, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò ní kí n lé e jáde. Bí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ń ṣe ni mo máa ń sáré gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kan tí mo wà nínú ìdánwò, bàbá mú káfíńtà wá kí ó wá wọn fèrèsé gbogbo yàrá, nítorí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ wọn. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ wọn ṣí yàrá mi, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n sì tì í padà. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, abẹ́rẹ́ mi kan kò sọnù. Adúmáradán nìkan ni mi ò rí.

Òru méjì ni mo fi tan tọ́ọ̀ṣì kiri àdúgbò. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọdébìnrin kan tí ń kiri ata ni ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kan. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní òkò pa. Àgbàlagbà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ òkò náà, ṣùgbọ́n wọn kò dá wọn lẹ́kun. Wọ́n ní ológbò dúdú tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín, ti àjẹ́ ni.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ bàbá onílé, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí wà níbẹ̀." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà kò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Àìsọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni ó kọ́kọ́ pa ẹran náà kí òkò àwọn ọmọ tó bà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti onílé. Ọ̀pọ̀ onílé ni ó gbà pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti fi owó òun kọ́ ilé, kò sí ìgbà tí òun kò lè wọ yàrá èyíkéyìí nínú rẹ̀. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 fi yé wa pé ayálégbé ní ẹ̀tọ́ sí ìgbé ayé ìdákẹ́jẹ́ nínú ibi tí ó yá, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe yọ ọ́ lẹ́nu láìnídìí. Òfin kan náà fún onílé ní àyè láti wá wo ilé rẹ̀ kí ó sì tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó ní kí ó jẹ́ ní ojú ọ̀sán, ní wákàtí tí ó bójú mu, kí ó sì fi ìwé sọ ọ́ ṣáájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gbé ilé yíyá, òfin ọdún 1985 ní kí onílé fi ìwé sọ ọ́ ní wákàtí 24, ó kéré tán, kí ó tó wá yẹ ilé wò.

Ẹnìkan lè dìde kí ó ní, "Àṣà òyìnbó nìyẹn. Ṣé ọmọdé ni yóò máa sọ fún àgbàlagbà pé kí ó tọrọ àyè kí ó tó wọ ilé ara rẹ̀?" Mo fẹ́ dá olúwarẹ̀ lóhùn láti inú àṣà wa. Kí ni àwọn baba wa ń ṣe bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà? Wọn a dúró, wọn a ní, "Àgò onílé o!" Ẹni tí ó wà nínú ilé a dáhùn pé, "Àgò yà o!" Kí ó tó dáhùn, ẹsẹ̀ kì í wọlé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Onílé tí a ń pè nínú àgò kì í ṣe ẹni tí ó mọ ilé. Ẹni tí ó wà nínú ilé ní wákàtí náà ni. Baálé ni olórí agbo ilé lóòótọ́, síbẹ̀ baálé tí ó mọ ìwà í hù kì í já wọ yàrá ìyàwó ilé láìkágò. Nítorí náà, nǹkan tí òfin 2011 kọ sínú ìwé kò ṣàjèjì sí wa. Àgò ni. Fóònù sì ti wà lọ́wọ́ gbogbo wa báyìí. Ènìyàn lè ti ilé rẹ̀ kágò ní ọjọ́ kan ṣáájú.

Èyí kò wí pé kí onílé dúró máa kágò nígbà tí iná bá ń jó tàbí tí omi bá ń ya wọ ilé. Ilé ọba kì í jó kí a máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri. Ṣùgbọ́n wíwọn fèrèsé kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì.

Ti àwa ayálégbé wá ńkọ́? Àwa náà jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá fi ẹran ọ̀sìn pamọ́ fún onílé ti gba ẹnu onílé, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣọ́ ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Kí a tó san owó ni kí a ti sọ ọ́, kí a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Bí onílé bá kọ̀, kí a wá ilé mìíràn. Bí ó bá gbà, kí a má ṣe jẹ́ kí ó kábàámọ̀: kí a máa da yanrìn tí ológbò ń ṣu sí nù lójoojúmọ́, kí òórùn má baà kan ará ilé lára, kí a sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un lọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

A kò ní tìtorí òfin sọ ìsọkúsọ sí àgbà. Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí a wí pé, "Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú wa. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ wọ yàrá mi, ẹ bá mi pè mí ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí n lè dì í mú." Mo ti sọ ọ́ báyìí fún onílé tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Kò bínú. Ìyá àgbà ni wọ́n, àwọn náà sì bẹ̀ mí pé bí ológbò mi bá bímọ, kí n fún wọn ní ọ̀kan nítorí eku.

Bí ọjọ́ tí wọn yóò wá bá wá kò, kí ni ṣíṣe? Bí ó bá ṣeé ṣe, kí a wà nílé, tàbí kí a bẹ ọ̀rẹ́ kan kí ó dúró níbẹ̀. Kí a ti ológbò mọ́ ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú omi, yanrìn rẹ̀ àti aṣọ kan tí ó ń sùn lé. Kí a lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ológbò wà níbẹ̀, kí wọ́n má ṣí i. Kí a tún fi ẹnu sọ ọ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń ka ìwé ara ilẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, kí a gbé e sínú agbọ̀n onídèérí, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé oògùn kòkòrò ni wọ́n fẹ́ fín, kí ológbò má ṣe sí nílé rárá títí afẹ́fẹ́ yóò fi gbé oògùn náà lọ tí ilẹ̀ yóò sì gbẹ. Àwọn oògùn kan wà, bí èyí tí a fi permethrin ṣe, tí ajá lè fara dà ṣùgbọ́n tí ó lè pa ológbò. Eku tí ó ti jẹ májèlé pàápàá lè pa ológbò tí ó bá jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, kí a yẹ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé àti àjà wò kí a tó tú u sílẹ̀, nítorí ihò tí káfíńtà gbàgbé láti dí tó fún ológbò láti gbà wọ òkè àjà.

Bí ó bá wá bọ́ jáde, kí a tètè wá a nítòsí. Ológbò inú yàrá tí ẹ̀rù bà kì í sábà lọ jìnnà. Abẹ́ mọ́tò, ẹ̀yìn táńkì omi àti inú gọ́tà ni ó máa ń há sí, òru tí ariwo bá ti rọlẹ̀ ni ó sì máa ń dá ènìyàn lóhùn. Kí a sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò, pàápàá bí ó bá jẹ́ dúdú. Ká ní àwọn ọmọ yẹn ti mọ̀ pé Adúmáradán ní ilé, tí ó sì ní orúkọ, bóyá wọn ì bá ti mú un wá fún mi.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí a má fi ẹran wa pamọ́ mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé onílé wà láàárín yín. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ayálégbé, ẹ kágò. Ẹni tí ó wà nínú yàrá lè má lè dáhùn pé "Àgò yà," ṣùgbọ́n ẹlẹ́mìí ni.