Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: TA NI YÓÒ SAN OWÓ ỌKỌ̀ TÍ Ó BÀJẸ́ LỌ́WỌ́ WA?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka wa láìpẹ́ yìí tí ó mú wa rántí òwe náà, nítorí pé gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wò dáadáa. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, a kò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Kì í ṣe láti dójú ti ẹnìkan ni a ṣe ń kọ ọ́, bí kò ṣe kí irú rẹ̀ má baà tún bá ẹlòmíràn nínú wa.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ọkọ̀ Subaru Impreza WRX wá sí ibi tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti ń ṣiṣẹ́. Tọ́kúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni. Mọ́tò eré ni, ó ní tọ́bò, ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó lọ́hùn-ún sì ti tún un ṣe kọjá bí àwọn tí ó ṣe é ti gbé e jáde. Ó ti fi tọ́bò tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, ó ti pààrọ̀ àwọn ínjẹ́kítọ̀ tí ń fọ́n bẹntiróòlù sí ti ńlá, ó sì ti yí ètò inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ padà, èyí tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní brain box. Oníbàárà kò sọ ọ̀kankan nínú gbogbo èyí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ní òun bá wá kò ju kí a bá òun pààrọ̀ kúlọ́ọ̀ṣì lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa pààrọ̀ kúlọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọkọ̀ yìí mọ̀ pé gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ bí a kò bá kọ́kọ́ yọ intercooler tí ó jókòó lé ẹ́ńjìnnì lórí, èyí tí ń mú kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ti inú tọ́bò bọ̀ tutù díẹ̀ kí ó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ó fi ń dá a padà, ilẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀gá ń pariwo pé oníbàárà ti dé, ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn sì wà nílẹ̀ tí ó ń dúró dè é. Kílípù kan tí ó di họ́ọ̀sì mú kò jókòó sí ojú rẹ̀. Ó dì, ṣùgbọ́n kò dì tó.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ padà dé. Èéfín dúdú ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, agbára ọkọ̀ ti dínkù, bí a bá sì tẹná mọ́ ọn, a ó máa gbọ́ ìró bí ìgbà tí táyà bá ń jò. Oníbàárà ní mẹkáníìkì ti ba ọkọ̀ òun jẹ́. Ọ̀gá ní ọkọ̀ tí wọ́n ti tú tí wọ́n sì tún tò bí ó ti wù wọ́n kò lè ṣe kó má dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò sí i, ó gbé nọ́ńbà P0172 jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bẹntiróòlù tí ó ń wọlé pọ̀ ju èyí tí ó yẹ afẹ́fẹ́ lọ. Kíá, wọ́n rán ọmọ lọ sí Ládípọ̀ ní Múṣin, wọ́n ra sẹ́ńsọ̀ kan, wọ́n fi sí i. Èéfín kò dá. Wọ́n ra èkejì. Èéfín kò dá. Ẹnìkan tilẹ̀ ti ń dá a lábàá pé kí wọ́n kó ètò ilé iṣẹ́ padà sínú brain box. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ, nítorí pé ínjẹ́kítọ̀ kékeré ni ètò yẹn mọ̀, ti ńlá ni ó sì wà nínú ọkọ̀. Bẹntiróòlù tí ì bá máa ya wọlé ì bá tún ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú ọ̀gá, ó kọ owó sẹ́ńsọ̀ méjèèjì àti owó tí oníbàárà ń béèrè mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́rùn, ó sì dá owó oṣù rẹ̀ méjì dúró lódindi. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ni. Ìgbà yìí ni ó tó rántí pé òun ní ẹgbẹ́.

Ohun tí àwọn alákòóso ẹ̀ka kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n kọ̀ láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí a lọ wo ọkọ̀ náà. Àgbà kan nínú wa ní kí wọ́n dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ níwọ̀nba sí i láti inú ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ táyà, kí wọ́n sì da omi ọṣẹ sí ojú gbogbo họ́ọ̀sì. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọṣẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó lábẹ́ kílípù yẹn. Afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ti kà wọlé ni ó ń sá jáde níbẹ̀ kí ó tó dé ẹ́ńjìnnì. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀, bẹntiróòlù tí ó yẹ afẹ́fẹ́ tí ó ti kà ni ó ń fọ́n, ohun tí ó fa èéfín dúdú nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ kò bàjẹ́ rárá. Wọ́n tún kílípù dì, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì nítorí pé òórùn bẹntiróòlù ti wà nínú rẹ̀, wọ́n nu pọ́lọ́ọ̀gì, wọ́n sì wọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu.

Orí ni ó yọ wá. Bí ó bá jẹ́ pé họ́ọ̀sì tí ó wà láàrin sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ àti tọ́bò ni ó ń jò, òdìkejì ni ì bá ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a kò kà ni ì bá máa wọlé, bẹntiróòlù ì bá kéré sí i, iná inú sílíńdà ì bá gbóná kọjá ààlà, písítìnnì ì bá sì fọ́. Owó oṣù méjì kò lè ra ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ bí ó tilẹ̀ korò. Àṣìṣe kílípù yẹn, tiwa ni. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń bo àṣìṣe ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní rí ẹni gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tí òótọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ oníbàárà, a sì yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé kí iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́rin parí kí ilẹ̀ tó ṣú? Ta ni ó ń fi àbá ra sẹ́ńsọ̀? Ta ni ó mọ̀ pé wọ́n ti yí ọkọ̀ òun padà tí ó sì pa ẹnu mọ́? Ẹ̀bi mẹ́ta ni ó pàdé lórí kílípù kan, ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n sì ní kí ó san án.

Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Labour Act tí ó wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004 sọ ọ́ ní abala karùn-ún pé bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bá mú agbanisíṣẹ́ pàdánù, agbanisíṣẹ́ lè yọ ìwọ̀nba owó nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Abala yìí kan náà sọ pé gbogbo ohun tí a bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ẹni tí ó ń gba ₦90,000, ohun tí a lè yọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ₦30,000 lọ, ìyẹn náà lẹ́yìn tí ìyọ̀ǹda bá ti wà. Kí a dá owó oṣù ènìyàn dúró lódindi, kò sí nínú òfin. Nígbà tí àwọn alákòóso fi èyí han ọ̀gá, ó dá owó náà padà.

Ṣùgbọ́n òfin ń ṣọ́ oníbàárà náà. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ẹni tí ó bá gba dúkìá oníbàárà láti ṣiṣẹ́ lé e lórí gbọ́dọ̀ dá a padà ní ipò tí kò burú ju bí ó ti gbà á lọ. Báwo ni a ó ṣe mọ ipò tí ọkọ̀ wà nígbà tí ó wọlé, bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Àwọn àgbà wa tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, àti Volkswagen Beetle tí wọ́n ń tò ní Èkó, láti ọdún 1975, etí àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ àìsàn ọkọ̀, ó sì tó nígbà náà nítorí pé ọ̀kan jọ èkejì. Ọkọ̀ tí wọ́n ti yí padà kò jọ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tí ó yí i padà nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ìgbà mìíràn sì rèé, ẹni yẹn wà ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ìpàdé ẹ̀ka wa fi ọwọ́ sí àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Èkíní, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe fi sípánà kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ títí oníbàárà yóò fi sọ ohun tí wọ́n ti pààrọ̀, tí a ó kọ ọ́ sílẹ̀, tí òun náà yóò sì fọwọ́ sí i.

Èkejì, kí a fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò wò ó kí a tó tú u, kí a sì fi fóònù ya àwòrán ibi tí a fẹ́ tú.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ gbogbo họ́ọ̀sì, kílípù àti wáyà tí a yọ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò bá wa ṣe iṣẹ́ náà yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ètò inú brain box láìjẹ́ pé oníbàárà fọwọ́ sí i.

Ẹ̀karùn-ún, kí a wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú oníbàárà kí ó tó gbé e lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ó ní èyí yóò gba àkókò. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò gba àkókò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí omi ọṣẹ gbà kéré sí ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì sí Ládípọ̀. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohun tí ẹ ṣe sí ọkọ̀ yín pamọ́ fún ẹni tí yóò tún un ṣe. Aláìsàn kì í fi àìsàn pamọ́ fún oníṣègùn.

Àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má dúró di ìgbà tí owó oṣù bá di méjì kí ẹ tó wá sí ọ́fíìsì. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ gbèsè mọ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ wá. Àìrìn pọ̀ ejò ní í jẹ wọ́n níyà.

Oníbàárà ti san owó kúlọ́ọ̀ṣì, ilé iṣẹ́ sì ti gbà láti fi ara mọ́ owó ọ́ìlì. Ọkọ̀ náà ń rìn. Àwọn sẹ́ńsọ̀ méjèèjì tí wọ́n yọ kúrò láìní àrùn ṣì wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tí ó bá ti ń kánjú kí ó yà síbẹ̀, kí ó wò wọ́n.