Bí Iná Bá Kú, Omi Ń Fẹ́ Ìṣọ́

Ní ìparí oṣù Òkítóbà ọdún 2024, Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Gòm̀bè wà nínú òkùnkùn fún ohun tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn bàsèjẹ́ ti ba wáyà ńlá tí ń gbé iná láti Shiroro lọ sí Kàdúná jẹ́. Èyí tí ó ti ọ̀nà Ugwuaji wá náà sì kọṣẹ́. A gbọ́ àdánù àwọn jórinjórin, àwọn télọ̀ àti àwọn tí ń ta ẹja inú yìnyín, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwa kà sí ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú: ọ̀rọ̀ omi mímu.

Ẹ jẹ́ kí a wo Kánò. Ní Challawa àti Tamburawa ni a ti ń fa omi odò, tí a ń sọ ọ́ di mímọ́, tí ẹ̀rọ oníná mànàmáná sì ń tì í wọ ìgboro. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, omi inú páìpù ń fi agbára ti ara rẹ̀ síta. Bí páìpù tilẹ̀ sán, omi ni yóò máa jò jáde, ìdọ̀tí kò ní ráyè wọlé. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Agbára omi inú páìpù ni onílé yìí. Ní ọjọ́ tí iná bá kú, onílé ti sùn: omi gọ́tà àti oje ṣáláńgá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù a gba ojú sísán náà wọlé. Nígbà tí iná bá padà, tí àwọn ọmọ wa bá ń hó “Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!” (wọ́n ṣì ń kí ilé iṣẹ́ tí a ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ láti ọdún 2005), omi àkọ́kọ́ tí ó tú yaa sínú garawa gan-an ni ó léwu jù.

Kànga ẹ̀rọ àwọn tí páìpù kò dé ọ̀dọ̀ wọn náà a dákẹ́, owó epo jẹnẹrétọ̀ a sì wọ́n wọn lọ́wọ́. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rúwà ni ó kù. Ta ni ó mọ ibi tí ó ti pọn ọ́n? Ní ọdún 2021, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń gbógun ti àrùn ka ènìyàn tí ó lé ní 111,000 tí a fura sí pé onígbáméjì kọlù. 3,604 nínú wọn kú. A kò wí pé òkùnkùn ni ó pa wọ́n; ìkún omi, ìṣẹ́ àti àìní ṣáláńgá ní ìpín tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ni àrùn náà ń gbà wọlé, omi sì ni ẹṣin rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni a kọjú sí, nítorí ohun tí ọmọ bá kọ́ ní kíláàsì ni yóò wí fún ìyá rẹ̀ nídìí àmù. Omi tí ó kọ́kọ́ dé lẹ́yìn òkùnkùn, ti ìfọlẹ̀ ni. Èyí tí ó tẹ̀lé e, kí a gbé e kaná, kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí a sì dé e títí yóò fi tutù. Álọ́ọ̀mù tí àwọn ènìyàn wa gbẹ́kẹ̀ lé ń tàn wọ́n jẹ: ìdọ̀tí ni ó ń rẹ̀ sílẹ̀, kì í pa kòkòrò àrùn. Owó gáàsì àti èédú kò sì kéré. Ẹni tí kò ní i lè rọ omi tí ó mọ́ gaara sínú ìgò oníke tí a ń rí inú rẹ̀ kedere, kí ó tẹ́ ẹ sínú oòrùn gangan fún wákàtí mẹ́fà. Bílíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà náà ń ṣiṣẹ́: bí ara ìgò rẹ̀ bá fi 5 tàbí 6 nínú 100 hàn, ẹ̀kán méjì péré fún lítà omi kan tí ó mọ́, kí a sì dúró fún 30 ìṣẹ́jú. Ẹ kọ́ wọn láti máa ka ara ìgò. Ìṣirò tí ó wúlò nìyẹn.

Ibi tí gbogbo làálàá yìí ti ń bàjẹ́ ni ife. A ó se omi tán, a ó rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù ẹlẹ́nu gbàgàdà, ọwọ́ ọmọ mẹ́fà a sì ti bọ inú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró tí a fi ọṣẹ fọ̀, tí ó ní ìdérí, tí a ń dà dípò kí a máa bù, sàn jù ú lọ fíìfíì.

Síbẹ̀, ẹ̀kán bílíìṣì kò gbọdọ̀ di àwáwí fún ìjọba. A kò gba òmìnira ní ọdún 1960 kí ìyá tálákà lè máa dá ṣe iṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi nínú ìyẹ̀wù rẹ̀. Ilé iṣẹ́ omi yẹ kí ó ní iná tirẹ̀, ìbáà ṣe ti oòrùn, tí kì yóò bá ti ìgboro kú. Bí wáyà ńlá bá sì tún já, ohun méjì ni a ó kọ́kọ́ béèrè: wákàtí mélòó ni ẹ̀rọ afami fi dákẹ́, ta ni ó sì yẹ omi náà wò kí wọ́n tó ṣí i sí wa?